Rọ́bà wo ni ká lò? Àlàyé lórí rọ́bà bàálù kékeré tí ń fò nínú ilé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Houston fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọ̀já rọ́bà mẹ́ta ló tẹ́ sórí tábìlì, gbogbo wọn jọra bí ìbejì, àwọ̀ wọn dà bíi tíì tí a da mílíìkì sí. Lára páálí àkọ́kọ́ wọ́n kọ 1/8, lára èkejì 3/32, lára ẹ̀kẹta 0.085. Ìbéèrè rẹ̀ kò gùn rárá: "Àǹkù, èwo ni ká lò?" Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ẹgbẹ́ wọn lọ bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ mìíràn figa gbága ní Science Olympiad, ìdíje sáyẹ́nsì tí wọ́n ti máa fò bàálù onírọ́bà.

Èsì tí mo fún un kò dùn mọ́ ọn. Mo ní mi ò mọ̀, ìwọ náà ò sì lè mọ̀, àfi tí o bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ó ní ṣebí wọ́n ti kọ ọ́ sára páálí. Ibi tí gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ọ̀rọ̀ rọ́bà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú bàálù tí à ń sọ. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí. Igi bálísà ni egungun rẹ̀, ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà ni wọ́n fi bo apá rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ kan wà nímú, ìkọ́ kan wà lẹ́yìn, rọ́bà tí a ti lọ́ sì so àárín méjèèjì. Bí rọ́bà ṣe ń tú ara rẹ̀ ló ń yí abẹ̀bẹ̀. Kì í sáré: ẹ lè máa rìn gbẹ̀fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ má sì rẹ̀ yín. Ìdí tí wọ́n fi ń fò ó nínú ilé ni pé atẹ́gùn díẹ̀ báyìí, kódà ti fáànù, tó láti gbé e lu ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1871, Alphonse Pénaud fò bàálù onírọ́bà kan nínú ọgbà Tuileries ní Paris, ó sì wà lófuurufú fún ìṣẹ́jú àáyá 11. Ní 1878, bàbá àwọn Wright méjì tó wá fò bàálù gidi lẹ́yìn náà ra ohun ìṣeré kan tó ń fi rọ́bà fò wá sílé fún wọn, irú èyí tí Pénaud ṣe. Lónìí, nínú ìdíje àgbáyé tí wọ́n ń pè ní F1D, bàálù náà kò gbọ̀dọ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 550 lọ láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì, kò gbọ̀dọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù 1.4, rọ́bà inú rẹ̀ kò sì gbọ̀dọ̀ ju gíráàmù 0.4. Pẹ̀lú rọ́bà tíntìntín yẹn, wọ́n ń wà lófuurufú ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Irú kan tún wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Penny Plane nítorí pé kò gbọ̀dọ̀ fúyẹ́ ju kọ́bọ̀ wọn lọ, ìyẹn gíráàmù 3.1. (Kọ́bọ̀ Amẹ́ríkà ti fúyẹ́ sí 2.5 láti 1982, àmọ́ àwọn oníbàálù kò bá a fúyẹ́.) Irú F1M ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù nínú àlàyé yìí: gíráàmù 3 ni bàálù rẹ̀, rọ́bà rẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ ju 1.5 lọ, ó sì rọrùn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Kí ló wà nínú gíráàmù 1.5 rọ́bà? Rọ́bà tó dára, tí a lọ́ dé góńgó, ń gba nǹkan bíi Joule 10 (Joule ni a fi ń wọn agbára) sínú gíráàmù kan. Nítorí náà 1.5 gbé nǹkan bíi 15 dání. Ìyẹn lè gbé omi lítà kan láti ilẹ̀ dé àyà ọkùnrin tó ga níwọ̀nba. Ẹ wá fi fún bàálù tó jẹ́ pé òun àti rọ́bà rẹ̀ kò ju gíráàmù mẹ́rin ààbọ̀ lọ, ẹ ó rí i pé ó pọ̀ ju ohun tó máa gbé e kan àjà lọ. Iṣẹ́ yíyan rọ́bà kò ju pé kí a mọ bí a ṣe máa ná owó yìí: ṣé ká ná an lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára, àbí ká máa ṣẹ́ ẹ ná díẹ̀díẹ̀?

Òye tó ṣe kókó jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ẹ jẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ká ní òfin ti sọ iye gíráàmù tí rọ́bà yín lè wọ̀n. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni bóyá ẹ fẹ́ kó nípọn kó sì kúrú, tàbí kó tẹ́ẹ́rẹ́ kó sì gùn. Bí a bá ki í, ọwọ́ rẹ̀ á le: á fi tipátipá yí abẹ̀bẹ̀, bàálù á gùn lọ sókè wìì. Àmọ́ kò ní gba ìyípo púpọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi tán. Bí a bá tín ín, á gba ìyípo púpọ̀, á sì pẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ á rọ̀ débi pé bàálù lè máà lè gbéra kúrò lọ́wọ́ yín. Agbára tí rọ́bà fi ń yí abẹ̀bẹ̀ ni mo ń pè ní agbára ìlọ́. Agbára ìlọ́ yìí kì í pọ̀ sí i ní dọ́gbadọ́gba pẹ̀lú nínípọn. Tí ẹ bá sọ rọ́bà di ìlọ́po méjì ní kíki, agbára ìlọ́ rẹ̀ á di nǹkan bí ìlọ́po 2.8. Tí ìwọ̀n gíráàmù kò bá sì yí padà, iye ìyípo tó lè gbà á já sí ìdá kan nínú 2.8. Ohun tí ẹ jèrè lápá kan lẹ ó san padà lápá kejì, kò sí ẹ̀bùn nínú rẹ̀.

Ìdí rèé tí àṣìṣe kékeré nínú wíwọn fi ń di ńlá. Tí rọ́bà yín bá fi ìdá 10 nínú 100 ki ju bí ẹ ṣe rò lọ, agbára ìlọ́ rẹ̀ á fi ìdá 15 ga. Ìyípo 1,000 tí ẹ ń retí á di nǹkan bí 870. Bàálù tó fò dáadáa lánàá á bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí gbá àjà lónìí, ẹ ó sì máa bú apá, máa bú ìrù, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà ló yí padà.

Ó dáa. Kí ni nọ́ńbà tó wà lára páálí wá jẹ́?

Fífẹ̀ ni. 1/8 íǹṣì jẹ́ mìlímítà 3.2, 3/32 jẹ́ nǹkan bí 2.4; 1/16 jẹ́ 1.6. Àwọn tó ń la rọ́bà fúnra wọn kì í lo ìdá bẹ́ẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ bíi 0.085 tàbí 0.093, ìyẹn náà íǹṣì ni, ó kàn jẹ́ pé wọ́n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ni. 0.085 já sí mìlímítà 2.16. Títí débí, kò sí ìṣòro. Ìṣòro ni pé rọ́bà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí páálí kò sọ̀rọ̀ rẹ̀: nínípọn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rọ́bà ń yí i jáde bí awẹ́ ńlá fẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn tó nǹkan bíi mìlímítà kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń là á sí ọ̀já. Awẹ́ ti oṣù yìí lè nípọn díẹ̀ ju ti oṣù tó kọjá lọ. Kódà nínú páálí kan ṣoṣo, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀já àti ìparí rẹ̀ lè máà dọ́gba.

Àwọn kan á ní ṣebí a lè fi kálípà wọn nínípọn náà. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ dán an wò: ẹ fi ẹnu kálípà mú rọ́bà, ẹ kà á, ẹ tún fún un díẹ̀ sí i, ẹ kà á. Nọ́ńbà á yàtọ̀. Rọ́bà kì í ṣe irin, ó ń gbà fún ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́. Ìgbà mẹ́ta tí mo wọn ojú kan náà, èsì mẹ́ta ni mo rí.

Òṣùwọ̀n ni kì í purọ́. Ẹ gé rọ́bà tó gùn tó mítà kan géérégé, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn, iye gíráàmù nínú mítà kan, ni orúkọ gidi tí rọ́bà ń jẹ́. Fífẹ̀ àti nínípọn ti wà nínú rẹ̀ pa pọ̀, ẹ ò tún ní láti dà wọ́n láàmú. Ọ̀nà tó dára láti mọ̀ bóyá ẹ ò ṣì í wọn ni pé rọ́bà tó fẹ̀ tó 3.2, tó nípọn tó 1.07, yẹ kó wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 3.2 ní mítà kan. Tí tiyín bá jẹ́ 5, ẹ tún rúlà yín wò.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ yá òṣùwọ̀n, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò tó ń ka gíráàmù dé 0.01. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ó kọ̀wé padà. Ọ̀já 1/8 wọ̀n 3.16 ní mítà kan. Ọ̀já 3/32 wọ̀n 2.28. Ọ̀já 0.085, tó yẹ kó jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, wọ̀n 2.31.

Ẹ tún un kà. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lójú ló wúwo ju èkejì lọ, nítorí pé awẹ́ tí wọ́n ti gé e nípọn ju ti èkejì. Ọmọ náà fi àmì ẹnu yíyà mẹ́ta ránṣẹ́. Ká ní orí páálí la gbà gbọ́ ni, à bá ti sọ pé 3/32 ló lágbára jù nínú méjèèjì.

Ọ̀nà wíwọn náà ní àrékérekè tirẹ̀. Rọ́bà tuntun máa ń ní páúdà lára kó má bàa lẹ̀ mọ́ra, páúdà yẹn ní ìwọ̀n. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má fà á nígbà tí ẹ bá ń wọn gígùn rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì kó sùn jẹ́ẹ́, torí pé ọwọ́ tó bá fà á díẹ̀ lásán ti fi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta kún un. Rọ́bà tí ẹ ti fà rí náà kì í padà sí gígùn àárọ̀ rẹ̀ tán pátápátá, nítorí náà ẹ máa wọn tuntun pẹ̀lú tuntun, àlòkù pẹ̀lú àlòkù. Òróró tí a ń fi pa á tún ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Nínú F1D, rọ́bà tí a ti pa ní òróró ni òfin ń wọ̀n, nítorí náà ẹni tó bá gé tirẹ̀ sí 0.4 gẹ́lẹ́ kó tó pa á ti rú òfin kó tó dé pápá.

Ohun mìíràn tó ń da àwọn èèyàn rú ni ọ̀rọ̀ gígùn. Tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé rọ́bà òun jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32, ẹ bi í: ṣé kí o tó so ó ni, àbí lẹ́yìn tí o so ó? Rọ́bà kì í wọ inú bàálù ní ìlà kan ṣoṣo. A máa ń so orí méjèèjì pọ̀ kó di òrùka, a ó wá fi apá kan kọ́ ìkọ́ iwájú, a ó fi apá kejì kọ́ tẹ̀yìn. Ọ̀já sẹ̀ǹtímítà 65 ni òrùka sẹ̀ǹtímítà 32, nígbà tí kókó tí a fi so ó bá ti gba tirẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó gé ìdajì ohun tí ọ̀rẹ́ náà ní lọ́kàn, tí bàálù rẹ̀ sì ń já lulẹ̀ fún odidi oṣù kan kí wọ́n tó mọ̀ pé èdè ni kò yé ara wọn.

Ní ti kókó náà, ẹ fi itọ́ pa orí rọ́bà méjèèjì kẹ́ ẹ tó so ó. Kì í ṣe oògùn o: rọ́bà tó gbẹ máa ń gé ara rẹ̀ níbi tó ti ń fà yọ lára ara rẹ̀. Ẹ so ó ní kókó méjì tó dojú kọra, ẹ fà á le, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn kókó náà.

Ó yá, ká ṣe ìṣirò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ká fi 1.5 gíráàmù ṣe òté. Tó bá lo rọ́bà 2.31, á pín 1.5 sí 2.31, á rí mítà 0.65, ìyẹn ọ̀já sẹ̀ǹtímítà 65, òrùka bíi 32. Tó bá lo 3.16, ọ̀já á jẹ́ 47, òrùka á jẹ́ 23 àti díẹ̀. Agbára ìlọ́ èyí tó ki yìí á fi ìdá 60 nínú 100 ju ti àkọ́kọ́. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ "èyí nípọn díẹ̀." Bàálù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa gbé.

Iye ìyípo tí rọ́bà lè gbà ńkọ́? Ìwé àtẹ wà káàkiri, àmọ́ rọ́bà ọdọọdún yàtọ̀ síra, àtẹ ẹlòmíì kò mọ tiyín. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo fi òrùka kan rúbọ. Mo so ó mọ́ ìkọ́ kan lára tábìlì, kì í ṣe nínú bàálù, mo lọ́ ọ títí ó fi já, mo sì kà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òrùka 2.31 rẹ̀, ó já ní ìyípo 1,050. Láti orí nọ́ńbà kan yìí, ẹ lè mọ ti àwọn yòókù: tí kíki rọ́bà bá dọ́gba, ìyípo ń tẹ̀lé gígùn, òrùka tó bá gùn ju èyí lọ ní ìdá 20 nínú 100, ìyípo rẹ̀ náà á fi ìdá 20 pọ̀ sí i. Tí gíráàmù bá dọ́gba tí rọ́bà sì ki sí i, ẹ pín ìyípo náà pẹ̀lú iye tí agbára ìlọ́ fi pọ̀. Òrùka 3.16 ń kọ́? 1,050 tí a pín sí 1.6: nǹkan bíi 655. Ẹ wá máa lọ́ ọ dé 85 tàbí 90 nínú 100 iye tó já sí, ẹ má dé góńgó.

Ẹ má lọ́ rọ́bà nínú bàálù rárá. Mo sọ èyí pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn. Bàálù kẹta tí mo kàn láyé mi, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, rọ́bà já nínú rẹ̀ ní ìyípo bíi 700. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni abẹ̀bẹ̀ kan àti ìrù tó ń mì. Ẹ lọ́ ọ níta, kẹ́ ẹ wá gbé e wọ inú bàálù. Òrùka kékeré ni wọ́n ń so mọ́ orí rọ́bà méjèèjì kó lè rọrùn láti gbé láti orí ẹ̀rọ ìlọ́ sí orí ìkọ́. Ẹ̀rọ ìlọ́ náà dà bí ẹ̀rọ ìlu-igi ọlọ́wọ́: ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìkọ́ rẹ̀ á yí nígbà 10 tàbí 15.

Bí a ṣe ń lọ́ ọ náà ní ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ fa rọ́bà títí á fi gùn tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún gígùn rẹ̀. Ẹ lọ́ nǹkan bí ìdajì ìyípo níbẹ̀, kẹ́ ẹ má tíì gbẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ́ ìyókù, kó lè jẹ́ pé ìgbà tí ìyípo bá pé ni ẹ dé ọ̀dọ̀ bàálù. Ẹni tó bá lọ́ ọ láìfà á, kókó á dì jọ síbì kan, ibẹ̀ náà ló máa já.

Kó lè yọ̀ lára ara rẹ̀, ẹ ní láti pa á ní nǹkan. Àwọn àgbà ń lo ọṣẹ tí wọ́n pò mọ́ gílísẹ́rìn. Àwọn tòní ń lo òróró sílíkónì. Díẹ̀ ló gbà, ẹ kàn fi ìka méjì fà á kọjá. Òróró ọkọ̀, kẹrosíìnì àti ohunkóhun tó ti inú epo rọ̀bì wá kò gbọ̀dọ̀ kàn án. Rọ́bà á wú, á sì rà. Rọ́bà tuntun sì tún fẹ́ ìmúmọ́ra: ẹ fà á gùn ní ìlọ́po bíi mẹ́rin, ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dá a sílẹ̀ kó sinmi.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan díẹ̀. Ẹ mú rọ́bà tó fẹ̀ díẹ̀, ẹ fi kan ètè yín, ẹ fà á lójijì. Ẹ ó rí i pé ó gbóná. Ẹ jẹ́ kó tutù bẹ́ ẹ ṣe ń fà á mú, kẹ́ ẹ wá dá a sílẹ̀ lójijì, á tutù nini létè yín. John Gough, ọkùnrin afọ́jú kan láti Kendal nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ nípa èyí ní 1805. Ètè ni òun náà lò. Rọ́bà àti ooru jọ ń ṣòwò ni. Níbi òtútù, rọ́bà kì í fún wa ní gbogbo agbára rẹ̀. Ní Slănic ní Romania, ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe ìdíje àgbáyé, inú ihò tí wọ́n ti wa iyọ̀ ni wọ́n ti ń fò, nǹkan bíi mítà 200 nísàlẹ̀ ilẹ̀, ooru ibẹ̀ kì í kúrò ní nǹkan bíi ìwọ̀n Celsius 12 tàbí 13 tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Iye ìyípo tí rọ́bà gbà nílé lórí tábìlì kọ́ ló máa gbà níbẹ̀.

Ibi tí ẹ ti ń fò gan-an ló yẹ kó pinnu kíki rọ́bà. Àjà ihò Slănic ga ju mítà 50 lọ. Ilé ńlá Cardington ní Bedfordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n mú tóbi sí i fún R101, ọkọ̀ òfuurufú onígáàsì, náà ga sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi rọ́bà tó lágbára jẹ́ kó gùn lọ, kó sì máa bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí àjà rẹ̀ ga tó mítà méje, tó kún fún iná àti agbọ̀n bọ́ọ̀lù, bàálù tó bá gùn jù ti gbé sórí irin. Nítorí náà rọ́bà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì gùn ló bá a mu.

Ohun kan tún wà: agbára ìlọ́ kì í dọ́gba látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí rọ́bà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, ọwọ́ rẹ̀ le gan-an, àmọ́ ó ń tètè rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ́ pẹrẹsẹ fún àkókò gígùn, kó tó wá kú díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ tó le yẹn ló ń ju bàálù lu àjà. Àwọn ọ̀jáfáfá máa ń lọ́ rọ́bà dé 900 fún àpẹẹrẹ, wọ́n á wá tú 60 sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ṣe ni wọ́n ń fi ìyípo ṣòfò. Rárá o: ẹni tó lọ́ ọ dé 840 tó dúró síbẹ̀, àti ẹni tó dé 900 tó tú 60, ìyípo wọn dọ́gba, àmọ́ agbára ìlọ́ ẹni kejì kéré lọ́wọ́ ìfòsókè. Rọ́bà kì í gba ojú ọ̀nà tó bá lọ padà bọ̀. Wáyà irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ọwọ́ bíi ti aago ni wọ́n fi ń wọn agbára ìlọ́ yìí, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ kò ṣe pàtàkì, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kó máa sọ ohun kan náà lójoojúmọ́. Ẹ má sì lọ́ rọ́bà tán kẹ́ ẹ wá dúró máa ya fọ́tò. Bó ṣe ń jókòó ló ń rẹ̀ ẹ́.

Ní ti irú rọ́bà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà pẹ̀lú kànnàkànnà á fẹ́ gé túúbù taya. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Butyl ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ túúbù, ó ń di atẹ́gùn mú dáadáa, àmọ́ ó ń jẹ èyí tó pọ̀ nínú agbára tí ẹ fi sínú rẹ̀, kì í dá a padà. Rọ́bà tí bánkì fi ń di owó sàn jù ú, torí ó ń nà, ó sì ń padà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lè so mélòó kan pọ̀ fi fò nínú pálọ̀. Fún ìdíje, èyí tí gbogbo ayé ń lò báyìí ni Tan Super Sport tó wá láti Amẹ́ríkà. Ṣáájú rẹ̀ ni Tan II, tí àwọn àgbà ṣì ń tọ́jú àwọn páálí rẹ̀ kan bí wúrà, oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù ni kẹ́ ẹ tọ́jú tiyín sí. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Èyí tó bá ti ní ẹnu kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sọ ọ́ nù, ẹnu yẹn ló máa já sí lọ́jọ́ ìdíje.

Ìdánwò tó ń sọ bóyá ẹ yan rọ́bà tó tọ́ rọrùn: ẹ ka ìyípo tó ṣẹ́kù nígbà tí bàálù bá balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé díẹ̀ báyìí ló ṣẹ́kù, ẹ ti sún mọ́ ọn. Tí púpọ̀ bá ṣẹ́kù, á jẹ́ pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ jù: ìyípo wà, àmọ́ kò ní ọwọ́ tó máa fi gbé bàálù dúró mọ́. Tí rọ́bà bá tán pátápátá nígbà tí bàálù ṣì wà lókè, tó wá ń yọ̀ bọ̀ lásán, ó ki jù, ó sì kúrú jù. Kẹ́ ẹ má bàa jó rọ́bà gidi lórí ìdánwò, ẹ gé òrùka tó jẹ́ ìdajì gígùn, láti ara ọ̀já kan náà, kẹ́ ẹ fi igi tó wọ̀n bíi ìdajì tó kù dí àyè rẹ̀. Ẹ lọ́ ọ ní ìdajì ìyípo. Bàálù á gùn dé nǹkan bí ìdajì gíga, á sì lo nǹkan bí ìdajì àkókò, ẹ kàn fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀. Nínú gbọ̀ngàn kékeré, èyí ló ń gba apá bàálù lọ́wọ́ àjà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2.31. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin sí ìdíje nígbà tó fi àwòrán ojú ìwé kan ránṣẹ́, ìkọ̀wé rẹ̀ rí wúruwùru: rọ́bà 1.5, lọ́ ọ dé 945, tú 60, gùn dé mítà mẹ́ta péré, ìyípo tó ṣẹ́kù nígbà tó balẹ̀, 210. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ: "Àǹkù, kí ló kàn?"

Mo ní kó mú ọ̀já 3.16 yẹn lọ bá olùkọ́ wọn tó ní ẹ̀rọ ìla rọ́bà, kí wọ́n là á títí mítà kan á fi wọ̀n 2.6. Ọ̀já sẹ̀ǹtímítà 57 àti díẹ̀ ni kó gé. Kó má retí ju ìyípo 880 lọ kó tó já, kó sì dúró ní 780.